Ìjàpá Búra fún Hẹlikọ́pítà Ara Rẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, kò dá lórí Ẹkùn, kò dá lórí Ọ̀kẹ́rẹ́, orí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, ló balẹ̀ sí. Lásìkò tí mò ń wí yìí, Ìjàpá ti kó kúrò lọ́dọ̀ wa. Ó ti lọ tẹ̀dó sí Douala ní Kamẹrúùnù, lápá Bonabéri, létí odò Wouri. Ẹ má bi mí pé kí ló gbé e débẹ̀. Àwọn èèyàn wa tó ń tajà ní New Bell ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó ní òun kàn wá kí wọn ni. Ẹ sì mọ bí ìkíni Ìjàpá ṣe máa ń pẹ́ tó bí ìkòkò bá wà lórí iná.

Bonabéri wà ní òdì kejì odò. Ọjà àti ọ́fíìsì wà lápá Akwa àti Bonanjo, afárá ló so wọ́n pọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tírélà, takisí àti àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní bendskin lọ́hùn-ún á dúró gbagidi lórí afárá náà, ariwo fèrè nìkan ni yóò máa lọ síwájú. Ìjàpá tó bá jáde nílé lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́bọ̀ ló ń wọ Akwa. Kó tó dé, ẹja tó fẹ́ rà ti rà.

Ó sú u. Ó ní òun á máa fò.

Ó ti fò rí, ẹ̀yin náà mọ̀. Àwọn ẹyẹ ló yá a níyẹ̀ẹ́ láyé àtijọ́, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe gba ìyẹ́ wọn padà lójú ọ̀run, tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi fọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní òun ò yá nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun á kan tòun. Ó rìn dé oríta Deido, níbi tí ère ńlá tí wọ́n ń pè ní La Nouvelle Liberté dúró sí. Joseph-Francis Sumegne ló ṣe ère náà ní 1996. Ó ga tó mítà 12, àwókù irin àti ẹ̀yà ara mọ́tò tí wọ́n ti jù nù ló sì fi tò ó. Ìjàpá wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí, ó mi orí. "Bí pàǹtí irin bá lè dìde nàró báyìí," ó ní, "ta ló sọ pé kó má fò?"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa irin nìyẹn. Ó rí ẹ́ńjìnnì mọ́tò àtijọ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó rí páìpù, ó rí ìjókòó bendskin méjì tí fóòmù wọn ti yọ síta. Ó pe Ọ̀bọ pé kó wá ṣe mẹkáníìkì òun, nítorí Ọ̀bọ ti jókòó lórí igi wo ibi táwọn ènìyàn ti ń tún ọkọ̀ ṣe fún ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n lu irin, wọ́n jó irin pọ̀, wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ alápá méjì sórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Ìjàpá dúró níwájú rẹ̀, ó gbé orin:

Lílé: Mo kan tèmi, mo fẹ́ fò
Ègbè: Fẹ́lẹ́, fẹ́lẹ́
Lílé: Kò wúwo, kò sì tóbi
Ègbè: Fẹ́lẹ́, fẹ́lẹ́
Lílé: Èmi nìkan ni n ó máa gùn ún
Ègbè: Fẹ́lẹ́, fẹ́lẹ́
Lílé: Bó bá já, orí mi ni
Ègbè: Fẹ́lẹ́, fẹ́lẹ́, fẹ́lẹ́.

Ó ku ìwé. Ọ́fíìsì Ohun Tó Ń Fò ti àwọn ẹranko wà ní Bonanjo, Òwìwí sì ni ọ̀gá ibẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ìlú," Ìjàpá wí, ó dọ̀bálẹ̀ débi tí àyà rẹ̀ gbà á láyè.

"Ìjàpá, ẹ̀wo ni tìẹ?"

Ìjàpá rojọ́. Òwìwí ṣí ìwé kan tó nípọn. Ó ní ní oṣù Kejìlá 1944, àwọn orílẹ̀-èdè ayé péjọ sí Chicago, wọ́n sì fẹnu kò pé ọkọ̀ òfurufú yòówù tó bá máa ti orílẹ̀-èdè kan wọ òmíràn gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé ó yẹ láti fò, ibi tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti fún un. Ó ní ìwé yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tẹ òǹtẹ̀ lù kí ẹni tó ni ín máa lọ. Wọ́n á gbé ẹrù kún ọkọ̀ náà, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lójú ọ̀run láti wò ó bóyá afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ wọlé nìkan lè máa yí abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀ títí yóò fi balẹ̀ jẹ́jẹ́. "Frank Robinson ní California," Òwìwí tẹ̀ síwájú, "hẹlikọ́pítà ìjókòó méjì péré ló ṣe, R22, tí ìwọ̀n rẹ̀ tòun tẹrù kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀ta kílò lọ. 1975 ló kọ́kọ́ fò. 1979 ni wọ́n tó fún un níwèé."

"Ọdún mẹ́rin!"

"Kò tíì parí. Bó bá ti fò fún wákàtí 2,200, tàbí tó bá ti pé ọdún 12, èyí tó bá ṣáájú, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ ohun tó bá ti gbó."

Ìjàpá rẹ́rìn-ín. "Bàbá, èmi tí mo dúró níwájú yín yìí ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ta ló tú mi palẹ̀ rí?"

Òwìwí wo àwọn ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra wọn lẹ́yìn Ìjàpá, kò fèsì.

Ìjàpá padà sílé, ṣùgbọ́n kò sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í kiri láti Deido dé Bonapriso, tó ń sọ fún ẹranko gbogbo pé ìjọba ń ni aráàlú lára. Ó ní ayé ti lajú kúrò níbẹ̀. Ó ní láti 2012 ni àwọn Faransé ti fàyè gba hẹlikọ́pítà fífúyẹ́ tí ẹni tó ṣe é á kàn kọ̀wé pé ó dára, tí ọ̀rọ̀ á sì parí. Ó ní Yúróòpù ní ìwé òfin kúkúrú fún èyí tí kò bá ju 600 kílò lọ tó sì jẹ́ ìjókòó méjì. Ó ní ní oṣù Keje 2025, Amẹ́ríkà alára ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ òfurufú fífúyẹ́ fún hẹlikọ́pítà, ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì mọ́ ọn láti 2004. Ó ní ọmọ Yunifásítì Bayero kan ní Kánò kan hẹlikọ́pítà tirẹ̀ ní 2007 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Honda Civic, tí gbogbo ayé sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Kò sí irọ́ nínú gbogbo ohun tó kà sílẹ̀. Bí Ìjàpá ṣe máa ń ṣe nìyẹn: òótọ́ ló máa ń sọ, yóò kàn gé ìdajì rẹ̀ fi sápò. Kò sọ pé hẹlikọ́pítà Kánò yẹn kò gòkè ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ. Kò sọ pé ìwé kúkúrú ti Yúróòpù, ìwé àyẹ̀wò náà ni, wọ́n kàn yọ ohun tí kò kan ọkọ̀ kékeré kúrò nínú rẹ̀ ni. Kò sọ pé ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló ń fọwọ́ sí i pé ó bá ìlànà tí gbogbo wọn jọ gbà mu, bó bá sì purọ́, òfin á dì í mú.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ o, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo kórìíra òfin fẹ́lẹ́ fún ọkọ̀ kékeré. Ó ní ìdí. Ẹni tó bá ní kí oníṣẹ́ ọwọ́ tó kan ọkọ̀ ìjókòó méjì náwó àyẹ̀wò tí àwọn tó ń ṣe bàálù ńlá ń ná, inú igbó ló lé e lọ, ibẹ̀ ni yóò ti máa fò láìsí ẹni tó mọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi bá a dá májẹ̀mú: "A ó dín ìwé rẹ kù. Ìwọ náà, dín àwọn tí ìwọ àti wọn lè jọ kú kù. Máa dá fò, tàbí ìwọ àti ẹnì kan tó mọ ohun tó ń kó sí. Má gbowó." Májẹ̀mú tó dára ni, lójú tèmi. Ìdajì ẹ̀yìn yẹn ni kì í dùn ún gbọ́ létí Ìjàpá.

Nígbà tí ariwo Ìjàpá pọ̀, wọ́n pe ìpàdé sábẹ́ igi máńgòrò kan ní Bonanjo. Edé ló jókòó sípò alága. Orúkọ edé ni àwọn Pọtogí fi pe odò Wouri, tí orílẹ̀-èdè náà fi ń jẹ́ ẹ títí dòní. Bí wọ́n tilẹ̀ ń fi edé se ndolé lójoojúmọ́, ipò náà ò tíì kúrò lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀. Erin náà wá, ó ti gba fọ́ọ̀mù tirẹ̀ sọ́wọ́. Ó ní bí òun bá sé èémí, òun náà fúyẹ́.

Ìjàpá sọ̀rọ̀ títí, nígbà tó rí i pé ojú Edé ò tíì rọ̀, ó fa ohun tí kò yẹ kó fà yọ. "Ẹ ń pariwo ìwé, ìwé," ó ní. "Bàálù Kenya Airways tó já sí Mbanga Pongo, ṣé kò níwèé ni?"

Kẹ́kẹ́ pa. Kò sí ẹranko Douala tó ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Òru ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún 2007 ni. Boeing 737-800 tí kò tíì pé ọdún kan gbéra ní pápákọ̀ Douala, ó ń lọ sí Nairobi, ènìyàn 114 wà nínú rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà tó já sínú ẹrẹ̀ ẹ̀gbà. Ibi tó já sí kò tó kìlómítà mẹ́fà sí ojú ibi tó ti gbéra, síbẹ̀ ó lé ní ọjọ́ kan ààbọ̀ kí wọ́n tó rí i, nítorí ọ̀nà jíjìn ni wọ́n kọ́kọ́ lọ wá a. Kò sí ẹni tó yè.

Akàn dìde láti ẹ̀yìn. Ará Mbanga Pongo ni, kì í sì í sábà sọ̀rọ̀ ní ìpàdé.

"Ìjàpá," ó ní, "ilé wa ló já sí. Ìwé rẹ̀ pé, òótọ́ lo sọ. Nítorí pé ìwé rẹ̀ pé, wọ́n mọ ènìyàn mélòó tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpótí tó ń gba ọ̀rọ̀ àti ìrìn rẹ̀ sílẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ lọ́dọ̀ wa, wọ́n wá a títí wọ́n fi rí i. Ní 2010, wọ́n kéde pé bàálù náà ń tẹ̀ sápá ọ̀tún díẹ̀díẹ̀ nínú òkùnkùn, àwọn awakọ̀ ò sì tètè mọ̀. Àwọn awakọ̀ tó wà láyé lónìí ń kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Bí tìrẹ bá já sọ́dọ̀ wa lọ́la, ta la fẹ́ bi? Ọ̀bọ?"

Ọ̀bọ wo ilẹ̀.

Edé ronú, ó sì dá a bí àgbà. Ó ní kí wọ́n ṣe òfin fẹ́lẹ́ náà, kí oníhẹlikọ́pítà kékeré lè fi ẹnu ara rẹ̀ búra pé ọkọ̀ òun dára. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju 600 kílò lọ, tòun ti epo àti ẹni tó jókòó sínú rẹ̀. Ìjókòó méjì péré ni yóò ní. Ọ̀sán nìkan ni yóò máa fò. Kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìjàpá fọwọ́ sí i kí Edé tó kà á tán. Wọ́n dá Erin padà sílé.

Ọjọ́ ìwọ̀n kò. Ìjàpá ló mú àkókò: agogo méjìlá ọ̀sán gangan. Ó ní òun ò fẹ́ da ọ̀gá láàmú lóru. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ojú Òwìwí ṣe máa ń rí bí oòrùn bá wà lókè. Olórí Ọ́fíìsì Ohun Tó Ń Fò, agogo mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán ló fi ń ṣiṣẹ́ ìjọba, gbogbo wákàtí tí kì í ríran. Ìjàpá ti fa epo inú ọkọ̀ dà sínú kẹ́ẹ̀gì, ó ti yọ bátìrì, ó ti tú ìjókòó kejì, ó sì ní kí Ọ̀bọ fi èjìká gbé ìrù hẹlikọ́pítà náà sókè díẹ̀ bí ẹni tó ń fara tì í. Òwìwí fi ìyẹ́ bojú, ó tẹjú mọ́ òṣùwọ̀n. "Ó dà bíi pé 598 ni," ó ní. Ìjàpá dáhùn pé 598 ni. Òǹtẹ̀ balẹ̀.

Oṣù kan kò tíì pé tí ọ̀rẹ́ Ìjàpá fi pọ̀ lójijì. Ó dúró sẹ́nu ọjà Mboppi, ó ń nawọ́ sí ẹni tó rẹrù. Bí wọ́n bá béèrè owó ọkọ̀, á fa ojú ro. "Owó ọkọ̀ kẹ̀? Mi ò lè gbowó ọkọ̀, òfin ò gbà á. Ọ̀rẹ́ ni wá. Ọ̀rẹ́ sì máa ń dá owó epo." Owó epo láti Bonabéri sí Akwa wá ń ga ju owó takisí ìlọ́po mẹ́wàá lọ. Ìjókòó kejì padà sáyè rẹ̀, lẹ́yìn náà ni Ọ̀bọ kan bẹ́ǹṣì kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ má fi Ìjàpá nìkan ṣẹ̀sín o. Ní oṣù Kẹrin 2024, ní Nàìjíríà tiwa, NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú, dá ìwé àwọn mẹ́wàá tó ní bàálù àdáni dúró, torí pé ìwé tí wọ́n gbà láti fi gbé ara wọn àti mọ̀lẹ́bí wọn ni àwọn kan fi ń gbé èrò tó ń sanwó. Bàálù tó ń dán gbinrin ni tiwọn, kì í ṣe irin Deido, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "ọ̀rẹ́ ni wá" yẹn kan náà ni.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹta. Ooru Douala lọ́sàn-án ọjọ́ náà pọ̀ débi tí aṣọ ń lẹ̀ mọ́ni lára. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó kún fún omi kì í gbé abẹ̀bẹ̀ dáadáa, ohun tí awakọ̀ gidi máa ń ṣírò kó tó gbéra nìyẹn. Ìjàpá ò ṣírò nǹkan kan àfi owó. Ewúrẹ́ wọlé pẹ̀lú àpò àlùbọ́sà, Òkété wọlé, Ẹlẹ́dẹ̀ wọlé, Ìjàpá jókòó sídìí ọ̀pá. Wọ́n gbéra tìkọ̀tìkọ̀. Bí wọ́n ti fẹ́ kọjá ẹ̀gbà tó wà létí odò, Ìjàpá gbórin:

Lílé: Ọ̀rẹ́ mi ni, wọn kì í ṣèrò
Ègbè: Fẹ́lẹ́, fẹ́lẹ́
Lílé: Owó epo ni, kì í ṣowó ọkọ̀
Ègbè: Fẹ́lẹ́, fẹ́lẹ́

Ibẹ̀ ni fèrè ti ké. Hẹlikọ́pítà ní ọ̀pá kan lápá òsì awakọ̀. Bó bá fà á sókè, apá abẹ̀bẹ̀ á túbọ̀ dagun, á bu afẹ́fẹ́ sí i, ọkọ̀ á gòkè. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí abẹ̀bẹ̀ ń bù, ẹ́ńjìnnì ló ń sanwó rẹ̀. Bí agbára ẹ́ńjìnnì bá ti tán, abẹ̀bẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, fèrè ìkìlọ̀ á sì ké pé yíyí rẹ̀ ti kéré jù. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́ pé bí fèrè bá ti ké, kó rẹ ọ̀pá wálẹ̀ kó sì fún ẹ́ńjìnnì níná, kí abẹ̀bẹ̀ lè yá padà, kódà bí ilẹ̀ bá ń sún mọ́ ọn. Rírẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù ìṣubú ń bani, ẹ̀kọ́ ni, kì í ti inú ẹ̀dá wá. Ìjàpá ò kọ́ ọ. Bó ṣe rí i pé wọ́n ń lọ sílẹ̀, ó fa ọ̀pá sókè. Abẹ̀bẹ̀ falẹ̀ sí i. Ó tún fà á. Ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, òun ló wá ń lé orin:

Lílé: Ìjàpá o, kí ló ń dún yẹn?
Ègbè: Fẹ́lẹ́, fẹ́lẹ́
Lílé: Àlùbọ́sà mi ti ń bọ́ sódò
Ègbè: Fẹ́lẹ́, fẹ́lẹ́
Lílé: Ṣé ìwọ nìkan lo búra ni?

Kò sẹ́ni tó gbè é mọ́. Gbòà! Wọ́n já sínú ẹrẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń retí kí n sọ pé ibẹ̀ ni ẹ̀yìn Ìjàpá ti fọ́, rárá, ó ti fọ́ tipẹ́. Ẹrẹ̀ ẹ̀gbà ló gbà wọ́n. Ẹsẹ̀ Ewúrẹ́ kán, Ẹlẹ́dẹ̀ ò rí nǹkan kan àfi pé inú ẹrẹ̀ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n ní kó jáde, kò jáde. Àwọn akàn etídò ló fa àwọn tó kù yọ.

Òwìwí dé láti ṣe ìwádìí. Ó ní kí wọ́n fún òun ní orúkọ èrò, Ìjàpá ní òun ò gbé èrò. Ó ní kí wọ́n mú ìwé àtúnṣe wá, Ọ̀bọ ní orí òun ló wà. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú rẹ̀ tó gba ohùn sílẹ̀. Ní ti èyí, mi ò lè bá Ìjàpá jà púpọ̀: Bell 206 tó já sáàárín ilé ní Opẹ́bì, Ìkẹjà, lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹjọ 2020, tó pa àwọn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀, òun náà kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ ti ń kéré sí i ni ohun tó lè jẹ́rìí lẹ́yìn rẹ̀ ń kéré sí i. Ewúrẹ́ béèrè owó onítọ́jú egungun. Ìjàpá ṣí fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó ka ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹni tó gùn ún ti gbà fún ewu ara rẹ̀.

"Ìwọ lo fọwọ́ sí i, Ìjàpá," Ewúrẹ́ wí. "Èmi ò rí fọ́ọ̀mù kankan. Owó ni mo fún ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá ẹjọ́ náà. Òwìwí ní ibi tí owó bá ti wọ̀ ọ́, májẹ̀mú fẹ́lẹ́ ti tán, ọkọ̀ èrò lo wà, ìwé ọkọ̀ èrò lo gbọ́dọ̀ mú wá. Ó fa ìwé Ìjàpá ya, ó ní kó san owó ẹsẹ̀ Ewúrẹ́ àti owó àlùbọ́sà. Ó wá kọ ìwé sí Edé pé láti òní lọ, òru ni òun á máa wọn ohun tó ń fò, bí Ọ̀bọ bá sì wà nítòsí òṣùwọ̀n, òun ò ní wọ̀n ọ́n.

Àlọ́ mi tán. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọ̀rẹ́ olówó tó ní hẹlikọ́pítà, tó ní kẹ́ ẹ kàn dá owó epo kẹ́ ẹ bá òun lọ síbi ìnáwó: ẹ má bi í bóyá ọkọ̀ rẹ̀ níwèé, ó máa ní in. Ẹ bi í bóyá ìwé náà gbà á láyè láti gbowó lọ́wọ́ yín. Bó bá ní ọ̀rẹ́ ni yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀.